Aṣọ Beatrice Ló Yẹ Ká Wò

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ìròyìn yín sọ pé àìlérò ìgbéyàwó Beatrice, ọmọ ọmọ Ọbabìnrin Elizabeth ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Windsor, lóṣù Keje 2020, ló wu aráyé. N kò gbà. Kòrónà ló sọ àlejò di nǹkan bí 20. Aṣọ ló wuni. Ẹ̀wù tí Norman Hartnell rán fún Ọbabìnrin Elizabeth, ìyá bàbá Beatrice, ni wọ́n tún ṣe. Kò lápá tẹ́lẹ̀. Ọ́gáńsà, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ni wọ́n fi rán apá kúkúrú sí i. Iṣẹ́ ńlá ni o! Bí abẹ́rẹ́ bá gba ara sátíìnì àtijọ́, aṣọ dídán, kọjá, ihò rẹ̀ kì í dí mọ́. Ojú rírán àkọ́kọ́ gan-an lèèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Adé orí Beatrice náà, ti Ọbabìnrin ni, èyí tó kán láàárọ̀ ìgbéyàwó tirẹ̀ ní 1947, tí wọ́n sáré tún ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwòrán apá aṣọ yẹn hàn wá dáadáa.

Télọ̀ kan, Ìbàdàn