Ìwé Tí Mo Fọwọ́ Sí

Màámi,

Ẹ kú àtijọ́ o. Ẹ̀gbọ́n jíṣẹ́ yín: ẹ ní ọmọ tó ń tọ́jú ìyá ẹlòmíràn kò ráàyè pe ìyá tirẹ̀. Ó dùn mí, nítorí òótọ́ ni.

Òfin Yúróòpù ti 2003 ní òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe ju wákàtí 48 lọ lọ́sẹ̀, tí a bá pín in dọ́gba. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ wọn dá ẹjọ́ dókítà kan ní Kiel, níbí ní Jámánì: bí dókítà bá wà ní kọ́ọ̀lù nínú ọsibítù, tó ń dúró de ìgbà tí wọ́n bá pè é, ì báà máa sùn, iṣẹ́ ló ń ṣe. Mo fẹ́ràn ìdájọ́ yẹn. Ẹni tó bá ti sun kọ́ọ̀lù rí mọ̀ pé kì í ṣe oorun: etí kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ìkejì wà lára fóònù.

Àmọ́ òfin náà ní ihò. Dókítà lè fọwọ́ síwèé pé òun gbà láti ṣe ju 48 lọ. Wọn ò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹni tó bá kọ̀. Èmi, lóṣù tí mo dé, mi ò tilẹ̀ kà á dópin. Gbogbo ará wọ́ọ̀dù ti fọwọ́ sí i. Ta ni àlejò tó máa ní òun ò ṣe? Owó kọ́ọ̀lù sì ń wọlé, ẹ̀yin náà ń rí i.

Lóṣù tó kọjá, tí ilẹ̀ ń mọ́ bá mi ní kọ́ọ̀lù, mo kọ oògùn fún bàbá àgbà kan. Nọ́ọ̀sì wo ìwé, ó wo ojú mi, ó ní, "Dókítà, ẹ tún un wò." Ìlọ́po mẹ́wàá ohun tó yẹ ni mo kọ. Kò dé ẹnu bàbá náà, Ọlọ́run ṣeun. Láti 1997 ni àwọn onímọ̀ kan ní Ọsirélíà ti sọ pé ẹni tó bá lajú sílẹ̀ fún wákàtí 17 ń ṣe bí ẹni tó ti mutí. Mo mọ̀ ọ́n. Mo rò pé àwọn ẹlòmíràn ni.

Mo ti kọ̀wé pé mo yọwọ́ nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí yẹn. Oṣù mẹ́fà ni òfin ní kí n fi dúró. Ọ̀gá mi ò bú mi. Ó mí kanlẹ̀, ó ní ta ni yóò wá gba kọ́ọ̀lù mi? Mi ò ní èsì. A ò pọ̀ tó.

Nítorí náà, Màámi, owó tí mò ń fi ránṣẹ́ máa dín kù tó bá yá. Ẹ bá mi sọ fún Ẹ̀gbọ́n, kó má baà rò pé ìwà mi ló yí padà.

Mi ò sí ní kọ́ọ̀lù ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Màá pè yín láàárọ̀. Bí mo bá dákẹ́ lójijì, ẹ má pa fóònù. Oorun ló gbé mi lọ.

Ọmọ yín