Kànga Kétu kò sí nínú òkun

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Pọ́ńpù omi ni mò ń tún ṣe káàkiri agbègbè Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, ó ti pé ọdún méjìlélógún báyìí. Ọ̀rọ̀ máàpù ló sì gbé mi wá sọ́dọ̀ yín.

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa mọ̀ pé omi jìn sílẹ̀ níbí. Bí pọ́ńpù abúlé kan bá kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyà dé nìyẹn. Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, ìyá kan pè mí láti apá Idigny pé pọ́ńpù àwọn ò fa omi mọ́. Mo lọ wo ìwé àkọsílẹ̀ tó wà ní ọ́fíìsì kan. Ìwé ní India Mark II ni, èyí tí à ń fọwọ́ fà. Páìpù irin ló wà nínú irú ìyẹn, èèyàn ò sì lè fà á jáde láìgbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ, pẹ̀lú sípánà ńláńlá. Èmi àti ọmọṣẹ́ mi di gbogbo ẹrù yìí mọ́ alùpùpù méjì, a forí lé ọ̀nà. Ìgbà tí a débẹ̀, Vergnet la bá, èyí tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Rọ́bà kan tó ń wú tó sì ń súnkì ló ń ti omi sókè nínú tirẹ̀, tíyò rẹ̀, ìyẹn páìpù rẹ̀, rọ̀, ọwọ́ lásán la fi ń fà á. Kò sí nǹkan kan nínú ẹrù wa tó bá a mu. Wọ́n ti pààrọ̀ pọ́ńpù náà láti ọdún mẹ́ta. Àwọn obìnrin tó ti to bídọ́ọ̀nù sílẹ̀ kàn ń wò mí ni. Ọjọ́ méjì ni wọ́n tún fi pọn omi ní abúlé kejì kí n tó gbé rọ́bà dé.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àkọsílẹ̀ tó tọ̀nà wà. Àwọn kan ti wá, wọ́n fi fóònù gba ibi tí kànga kọ̀ọ̀kan wà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n kọ irú pọ́ńpù tó wà lórí rẹ̀. Wọ́n tẹ máàpù ńlá, wọ́n kàn án mọ́ ògiri, oòrùn ojú fèrèsé sì ti pa àwọ̀ rẹ̀ jẹ. Fáìlì rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà ẹnì kan tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀dà kan wà nínú fláàṣì lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ̀dà kẹta sì wà tí kò bá méjèèjì dọ́gba. Owó ni wọ́n ná sórí gbogbo rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ka jọ́gíráfì ní Yunifásítì Abomey-Calavi, ló bá mi kó àwọn ẹ̀dà náà jọ. QGIS ló fi ṣí wọn, ètò kọ̀ǹpútà tí wọn kì í tà. Bó ṣe ṣí ọ̀kan báyìí, ó ní, “Bàbá, ẹ wá wò ó, kànga yín ti wọ òkun.” Lóòótọ́ ni. Kétu wà níbi tí ìwọ̀n àríwá ti jẹ́ bíi 7.36, tí ìlà-oòrùn jẹ́ bíi 2.6. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fi ọ̀kan sí àyè èkejì, ni gbogbo kànga wa bá bọ́ sórí omi lókè erékùṣù Príncipe. Ìdí tí àṣìṣe náà fi wà níbẹ̀ títí ni pé inú àpò ẹnì kan ni fáìlì náà ń gbé. Ká ní ojú gbogbo ènìyàn ló wà ni, ẹni àkọ́kọ́ tó bá ṣí i ló máa pariwo.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé: kí wọ́n gbé máàpù náà sórí sáfà. Kọ̀ǹpútà tí wọn kì í pa, tó ń dúró de ẹni tó bá béèrè, ni sáfà. Gbogbo kànga á wà nínú àká kan ṣoṣo. Èyí tí ọmọ náà fi hàn mí ń jẹ́ PostGIS. GeoServer á wá dúró níwájú àká náà bí ẹni tó ń tajà níwájú ìsọ̀. Ọdún 2001 ni àwọn méjèèjì ti wà, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Bí mo bá fi fóònù mi wo Idigny, Idigny nìkan ni yóò mú wá fún mi, kò ní kó gbogbo Kétu lé mi lórí kó jẹ dátà mi tán.

Ọ̀nà méjì ni GeoServer ń gbà dáhùn. Èyí tí wọ́n ń pè ní WMS ń fi àwòrán ránṣẹ́. WFS ń fi kànga fúnra rẹ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú irú pọ́ńpù àti ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe gbẹ̀yìn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún ẹnì kan, tí wọ́n wọn ẹ̀wà fún ẹnì kejì. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó ẹni tí ebi ń pa. Èmi tí mo fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹ̀wà ni kí wọ́n wọ̀n fún mi. Bí wọ́n bá sì fún mi láṣẹ, mo lè fi àtúnṣe ránṣẹ́ padà pé Vergnet ló wà níbẹ̀ báyìí, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi má ru irin lọ lásán.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà wà níbẹ̀. Kétu, Ketu, Kétou: ìlú kan ni lójú wa, ìlú mẹ́ta ni lójú kọ̀ǹpútà. Okpometa tí ìjọba ń kọ, ẹni tó kọ́ Yorùbá kíkọ ní Nàìjíríà á fi p lásán kọ ọ́. Mo ti rí abúlé kan tó jókòó lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé kan náà nítorí èyí. Ẹ jẹ́ kí kànga kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sára sìmẹ́ńtì tó yí i ká.

Àwọn kan ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé oko. Ètò kan wà tó ń jẹ́ QField: èèyàn á gbé máàpù sínú fóònù nílé, á fi ṣiṣẹ́ lóko láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó bá padà dé á dá a padà sí sáfà. Àwọn àgbà sì ń bẹ̀rù pé wọ́n á gbé igbó Orò sójú ayé. Ẹ̀rù wọn tọ́, mo wà lẹ́yìn wọn. Èyí tí a kò bá fẹ́ kí àlejò rí, sáfà lè tì í pa, tàbí kí a má tilẹ̀ kó o síbẹ̀ rárá. Kànga ni mo ní kí wọ́n ṣí sílẹ̀.

Mo bẹ àwọn ará méríì wa, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìlú: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá wọn ilẹ̀ tàbí ka kànga ní Kétu, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé fáìlì á dé ọwọ́ ìlú kí owó ìkẹyìn tó jáde. Kí wọ́n sì gba ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa tọ́jú sáfà náà, nítorí ètò rẹ̀ lọ̀fẹ́, iná àti owó oṣù kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Kànga mẹ́tàdínlógójì ni mo tún ṣe lọ́dún yìí. Mo kọ gbogbo wọn sínú ìwé, irú pọ́ńpù, ohun tó bàjẹ́, ọjọ́ tí mo tún un ṣe. Ọjọ́ tí wọ́n bá tan sáfà náà, kí wọ́n ránṣẹ́ sí mi, mo máa gbé ìwé náà dé ọ́fíìsì wọn ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Èmi ni tiyín,
Atúnpọ́ńpùṣe kan ní Kétu