Èwo nínú Èdè Ṣáínà Lo Gbọ́?

Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Mo ka ìwé tí o fẹ́ fi wá iṣẹ́ ní Guangzhou, ìlú kan ní gúúsù Ṣáínà, inú mi sì dùn. Ibì kan ló dá mi dúró, ibi tí o ti kọ ọ́ pé o gbọ́ èdè Ṣáínà. Èwo nínú wọn?

Putonghua, èdè àjùmọ̀lò tí ìjọba Ṣáínà ń lò, ni wọ́n kọ́ ẹ, òun náà lo fi ṣe HSK, ìdánwò èdè Ṣáínà fún àwọn àjèjì. Ohùn àwọn ará Beijing ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n rẹ̀, ní 1956 sì ni ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n tàn án ká gbogbo ìlú. Ní Taiwan, Guoyu ni wọ́n ń pè é. Ní Singapore, Huayu. Mandarin tí òyìnbó ń wí tún gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ohun tí àwọn ará agbègbè Sichuan ní Ṣáínà ń sọ nílé wà nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe Putonghua.

Hanyu ló kó gbogbo èdè àwọn Han, ẹ̀yà tó pọ̀ jù ní Ṣáínà, pọ̀: Mandarin, Wu ti Shanghai, Min ti Fujian, Hakka, àti Cantonese tí o máa bá ní Guangzhou. Ẹ̀ka-èdè lásán ni ìjọba ń pè wọ́n. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ń lọ rajà níbẹ̀, ọmọ Beijing ni ògbufọ̀ wa, síbẹ̀ kò gbọ́ ohun tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń bá ara wọn sọ. Ohùn mẹ́rin, irú dò-re-mí tiwa, ni Putonghua ní, mẹ́fà ni ti Cantonese.

Ẹbí ńlá tó bí gbogbo wọn ni Sino-Tibetan. Èdè Tibet àti ti Burma wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe Hanyu, bí Ìtsẹkírì ṣe bá Yorùbá tan tí kì í sì í ṣe Yorùbá. Èdè Uyghur tí wọ́n ń sọ nínú Ṣáínà gan-an kò sí nínú ẹbí yẹn rárá. Ti Tọ́kì ló bá tan.

Nítorí náà, kọ "Putonghua" síbẹ̀, kí o sì kọ ipele HSK rẹ tẹ̀ lé e. Tí o bá débẹ̀, má ṣe sọ fún onílé rẹ pé ẹ̀ka-èdè ni ohun tí òun àti ìyá rẹ̀ ń sọ. Ó máa dùn ún. "Jou san" ni wọ́n fi ń kí ènìyàn láàárọ̀. Kọ́ ọ kí o tó wọ ọkọ̀ òfúrufú.

Tún ìwé náà kọ, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí n tún un wò.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.