Ẹ jẹ́ kí a máa fi ọwọ́ ara wa kọ Ifá sílẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ kú àfaradà. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ẹ tẹ lẹ́tà bàbá kan jáde. Wọ́n ní ẹni tó bá ń kọ Ifá sínú ìwé ń ba Ifá jẹ́, pé inú ni Ifá ń gbé, pé òyìnbó ló kó àṣà ìwé ràn wá. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. N kò ní í bá àgbà jà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé ibi tí mo fi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tì, tí mo mú bírò.

Aránṣọ ni mí nílùú Ọ̀yọ́. Awo ni bàbá tó bí mi. Ọmọ mẹ́fà ni a jẹ́, èmi nìkan ni obìnrin, nítorí náà nígbà tí Bàbá bá ń kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní Ifá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́, ìdí ààrò ni mo ti ń gbọ́. Àwọn tó jókòó níwájú wọn kò fẹ́ rántí mọ́ lónìí. Méjì nínú wọn ti di pásítọ̀. Èmi tí mo ń koná ni mo fẹ́ rántí, ìlàjì ìlàjì ni mo sì gbọ́. Mo máa ń jí lóru tí ìlà kan tàbí méjì á wà lẹ́nu mi, tí n kò ní í mọ èyí tó tẹ̀ lé e. Bàbá papòdà ní ọdún 2011. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀, kò sí èyí tó wà ní àkọsílẹ̀ àfi inú ìwé kan ṣoṣo.

Ìwé ọmọléèwé ni, irú èyí tí ìṣirò ìlọ́po máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo wà ní kíláàsì karùn-ún nígbà náà. Lọ́jọ́ kan tí àwọn ọkùnrin ti lọ sóko, Bàbá pè mí, wọ́n ní, "Ìwọ tí ò ń kàwé yìí, wá bá mi kọ nǹkan." Wọ́n ń pe ewé tí a fi ń wẹ Ifá, ìlà kan fún ewé kan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a ń sọ sí i. Mo ń kọ ọ́. Ó gba ojú ewé mẹ́rin. Nígbà tí a ṣí àpótí wọn lẹ́yìn ìsìnkú, ìwé náà wà níbẹ̀ lábẹ́ àpò ikin, èkùrọ́ tí wọ́n fi ń dá Ifá, ikán sì ti jẹ ẹ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Orúkọ ewé ló kù ní ọ̀pọ̀ ìlà. Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ sí i ti lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n máa kọ ìwé tèmi nìyẹn. Mo tẹ Ifá ní ọdún 2014, mo sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Olúwo mi láti ìgbà náà.

Òótọ́ ni pé inú ni Ifá ń gbé. Olúwo mi náà sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mú bírò jáde níwájú wọn, wọ́n ní kí n dá a padà sínú báàgì. Àdéhùn tí a wá jọ ṣe ni pé n kò ní í kọ ẹsẹ Ifá kankan sílẹ̀ títí n ó fi ké e lójú wọn lẹ́ẹ̀mẹta láìkọsẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí mo bá ké e já gaara ni mo ń kọ ọ́. Ohun tó ti wà nínú mi ni mo ń kọ, kí ó má baà bá mi wọ ilẹ̀.

Mo ti kọ́kọ́ gbé gbogbo rẹ̀ lé fóònù. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi gba ohùn Olúwo mi sílẹ̀. Òjò pa fóònù náà lórí ọ̀kadà lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó bá mi tún un ṣe ní kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ mọ́. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà, àfi bí ẹni pé a tún ṣẹ̀ṣẹ̀ sin Bàbá.

Bí mo ṣe padà sídìí bébà nìyẹn. Ìwé ńlá kan tó ní ẹ̀yìn líle ni mo kọ́kọ́ rà, mo pín ojú ewé rẹ̀ dọ́gbadọ́gba fún àwọn Odù, ìyẹn àwọn orí tí a pín Ifá sí. Kí ọdún tó yípo, ó ti dàrú. Odù 256 ni, ojú odù 16 tó jẹ́ àgbà, àti àmúlù 240 tí a pa pọ̀ ní méjì méjì láti ara wọn, wọn kì í sì í kún bákan náà. Èjì Ogbè kún ibi tí mo fún un láàárín oṣù mẹ́ta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìyókù rẹ̀ sẹ́yìn Ìwòrì Méjì, mo ń fa ọfà síwá sẹ́yìn kí n lè mọ ibi tó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó má ra ìwé tí wọ́n ti rán pọ̀. Fáìlì onírin ni kó rà, èyí tí a ń lu bébà ní ihò kọ́ sí, kó lè máa fi bébà kún ibi tó bá wù ú.

Mo ní méjì báyìí. Àwọn ojú odù wà nínú ọ̀kan, àmúlù wà nínú èkejì. Tó bá jẹ́ ti ipò àgbà ni, Ogbè Ọ̀yẹ̀kú ni Ọ̀yẹ̀kú Ogbè ń tẹ̀ lé. Bẹ́ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ tò ó, tí mo bá wá ń wá Odù kan, n kì í rí i. Àpólà àpólà ni mo wá tò ó: gbogbo èyí tí Ogbè jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ìyẹn ìlà apá ọ̀tún, wà lójú kan, gbogbo wọn jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó tó kan ti Ọ̀yẹ̀kú. Mo rán ìrépé aṣọ mọ́ etí bébà tó ṣáájú àpólà kọ̀ọ̀kan. Funfun ni ti Ogbè, dúdú ni ti Ọ̀yẹ̀kú, ti Ìwòrì jẹ́ àdìrẹ, ti Ìrosùn pupa bí osùn. Ọwọ́ mi ti ń débẹ̀ kí ojú mi tó débẹ̀.

Orí ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni mo ti fa ìlà Odù náà bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìyẹ̀rosùn, ìyẹ̀ tó máa ń wà lójú ọpọ́n Ifá. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tó pẹ́ kí n tó mọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ti kọ́ wa pé apá òsì ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fà á, nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ṣáájú nínú Ifá. Gbogbo Ogbè Ọ̀yẹ̀kú tí mo fà ti di Ọ̀yẹ̀kú Ogbè. Nǹkan bí ọgọ́ta bébà ni. Nígbà tí mo gbé e fún Olúwo mi, wọn kò bínú. Wọ́n mú bébà kan, wọ́n kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí wa, wọ́n gbé e sókè kí oòrùn lè tàn án já, wọ́n ní, "Ó ti tọ́ báyìí." Mo lọ ra bébà mìíràn, mo tún gbogbo rẹ̀ fà.

Èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọ Ifá gbọ́ jù ni ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Lọ́dún àkọ́kọ́, bí a ti ń kọ̀wé sórí fóònù ni mo ń kọ ọ́, kò sí àmì lórí nǹkan kan. Lọ́dún kejì mo ṣí ojú ewé kan, mo rí i níbi tí mo kọ ẹbọ sí: igba abere. Aránṣọ ni mí, mo mọ abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé igba abẹ́rẹ́ ni, 200, àbí igbá abẹ́rẹ́, igbá tí a kó abẹ́rẹ́ sí? Mo jókòó ti ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, n kò lè kà á. Olúwo mi ní igba ni. Tí wọn kò bá sí láyé mọ́ ńkọ́? Ewé ló tún wá le jù, nítorí ohùn orúkọ rẹ̀ ni ọfọ̀ rẹ̀ ń dúró lé. Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ ní "tete" lásán, ọmọ rẹ̀ lè kà á sí tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń ta.

Orúkọ ewé tún ń yí láti ìlú dé ìlú, nítorí náà mo máa ń tẹ ewé fúnra rẹ̀ gbẹ, màá fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ orúkọ tí a ń pè é níbí. Ìwé ìròyìn yín gan-an ni mo ń tẹ̀ ẹ́ sí, màá gbé áyọ́ọ̀nù ẹlẹ́ẹ̀dú tó ti tutù lé e lórí. Rinrin kò ṣeé tẹ̀, omi ni gbogbo ara rẹ̀, ṣe ló rọ̀ mọ́ bébà. Àbámọdá ló yà mí lẹ́nu. Mo tẹ ewé rẹ̀ kan sáàárín ojú ìwé eré ìdárayá, mo sì gbàgbé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà tí mo ṣí i, ó ti hu ọmọ wínníwínní yí etí rẹ̀ ká, tòun ti gbòǹgbò, nínú òkùnkùn, láìsí erùpẹ̀, láìsí ẹ̀kán omi. Mo gbìn ín sẹ́yìnkùlé. Ọjọ́ náà wà ní àkọsílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọfọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yìn fáìlì ni kàlẹ́ńdà wà. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ wa, méje ni ti òyìnbó, nítorí náà tí ọjọ́ Ifá bá bọ́ sí Mọ́ńdè lónìí, ó di ẹ̀yìn ọjọ́ 28 kó tó tún bọ́ síbẹ̀. Bírò pupa ni mo fi ń sàmì sí i.

Ní ti pé òyìnbó ló kó ìwé ràn wá, mo fẹ́ kí bàbá gbọ́ èyí. Mo lọ sí ọdún Ifá ní Òkè Ìtasẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ní oṣù kẹfà ọdún kan. Obìnrin kan tó ti Kúbà wá jókòó tì mí, olórìṣà ni, ó mú ìwé kékeré kan tó ti gbó dání. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń túmọ̀ fún wa. Ó ní libreta ni àwọn ń pè é, pé ọwọ́ ìyá tó bí òun nínú òrìṣà ni òun ti dà á kọ, ìyá náà sì dà á kọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ yìí ló gbé èdè náà débẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ wọn sì ń fi ìwé dì í mú. Ó ní kí n ka ojú ewé àkọ́kọ́. Wọ́n fi lẹ́tà Sípéènì kọ ọ́, kò sí àmì ohùn kankan: omi tuto, ana tuto, tuto ilé. Mo kà á, kò yé mi. Mo tún kà á sókè, ẹnu mi fúnra rẹ̀ ló tún un ṣe: omi tútù, ọ̀nà tútù, ilé tútù. Obìnrin náà di ọwọ́ mi mú. Orúkọ àwọn òkú ìdílé òrìṣà rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, wọ́n tó ogún, ẹni tó bí ẹni tó bí ẹni, gbogbo àwọn tó máa ń júbà fún kí ó tó ṣe ohunkóhun.

Láti ọjọ́ náà ni ojú ewé àkọ́kọ́ fáìlì mi ti di ti ìbà. Bàbá mi, ẹni tó tẹ Bàbá nífá, ẹni tó tẹ ẹni náà. Ibẹ̀ ló pin, kò sí ẹni tí mo lè bi mọ́.

Oníbàárà mi kan tó ń gbé ní Manchester sọ fún mi pé àwọn òyìnbó náà wà tó ń sin òrìṣà ìgbàanì ilẹ̀ wọn, tí wọ́n sì ń fi ìyangàn pe ara wọn ní Pagan, orúkọ tí àwọn míṣọ́nárì fi bú àwọn baba wa. Nínú ẹ̀ka wọn tó ń jẹ́ Wicca, èyí tí Gerald Gardner gbé jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1950, ọwọ́ ni ọmọ ẹgbẹ́ tuntun fi ń da ìwé olùkọ́ rẹ̀ kọ. Ọ̀nà wọn yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi ń fi ọwọ́ kọ ọ́ yé mi dáadáa.

Ohun tí kò gbọdọ̀ wọnú ìwé wà. Ohun tí a rí ní igbódù, ibi tí a ti ń tẹ ènìyàn ní Ifá, kò sí nínú tèmi, kò sì ní í sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó wá dá Ifá kò sí níbẹ̀ bákan náà. Ìwé kékeré kan wà lọ́tọ̀ tí mo ń kọ ọjọ́, Odù tó jáde àti ẹbọ sí, láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni, tí ọdún bá sì yípo màá dáná sun ún. Obìnrin kan ládùúgbò wa rí orúkọ ọkọ rẹ̀ nínú ìwé awo kan rí. Ilé náà tú.

Nínú Odù 256, mọ́kànléláàádọ́rin ni mo tíì rí nǹkan kọ sí. Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi èyí síta fún àwọn tó ń ka ìwé yín ní Ìsẹ́yìn, ní Ṣakí àti káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìlà kẹfà ni ikán ti wọlé jù nínú ìwé Bàbá. Ewé tó wà níbẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀dúndún, tẹ̀tẹ̀ àti rinrin. "Àgb" ni mo lè kà nínú orúkọ rẹ̀. Olúwo mi ní lọ́dọ̀ tiwọn, wọn kì í fi ewé tó bẹ̀rẹ̀ báyẹn wẹ Ifá. Bí awo kan tàbí onísègùn kan bá mọ̀ ọ́n, kó bá mi kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Mo ti fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ nínú fáìlì, mo sì ti fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ awo, aránṣọ, Ọ̀yọ́.