Ẹ má fi kìnnìún tan àwọn èèyàn lọ sí Yankari

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ̀ẹ̀rùn ti ń wọlé, àwọn tó ń kó èèyàn lọ wo ẹranko nínú igbó ọba Yankari, ní Ìpínlẹ̀ Bauchi, sì ti bẹ̀rẹ̀ ìpolówó. Àwòrán kìnnìún tó lanu gbàgà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn mìíràn tún fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà àti àgùnfọn kún un. Ó ń dùn mí púpọ̀. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ síbẹ̀.

Kò sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà ní Yankari. Ìhà Kenya, Tanzania àti gúúsù Áfíríkà ni ilé rẹ̀. Àgùnfọn tó ṣẹ́ kù nínú igbó ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, orílẹ̀-èdè Niger ló wà. Kìnnìún wà ní Yankari lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ mọ́, òru ni wọ́n sì sábà máa ń ṣọdẹ. Èèyàn lè lọ lálọtúnlọ kó má fojú kan ẹyọ kan.

Erin ni Yankari ní. Agbo erin tó pọ̀ jù nínú èyí tó kù ní Nàìjíríà, inú igbó yẹn ló wà. Ẹfọ̀n, erinmi, àgbọ̀nrín àti ìmàdò náà wà níbẹ̀, ìnàkí ò sì lóǹkà. Láti ọdún 1962 ni wọ́n ti ṣí i fún àlejò.

Ẹni tó bá ń lọ, kó mọ̀ pé ìdájí ni wọ́n ń gbéra, kí oòrùn tó mú. Ọyẹ́ á máa fẹ́ yín lójú, eruku á bo orí yín. Ẹ lè rìn títí kó jẹ́ ìmàdò tó na ìrù sókè tó ń sá lọ nìkan lẹ óò rí. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹ̀ṣọ́ igbó á wá ní kí dírẹ́bà dúró, á bọ́ sílẹ̀, á fi ìmú bàtà fọ́ ìgbẹ́ erin kan wò. Èèpo igi àti kóró èso ló kún inú rẹ̀. Bó bá ṣì tutù nínú, agbo náà ò jìnnà. Láti ìgbà náà lọ, ọwọ́ ló fi ń bá yín sọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin náà dákẹ́. Ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ bí ẹ̀ka igi ṣe ń dá, kí ẹ tó rí wọn. Ẹni tó bá sì ti rí wọn kò tún ní sọ pé òun rí nǹkan fìrí.

Dídákẹ́ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò lè ṣe. Lọ́jọ́ kan, a bá àwọn kan pín ọkọ̀, wọ́n tan orin sókè, wọ́n ń ké sí erin pé kó wo kámẹ́rà. Abo kan tó ní ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ na etí gbalaja, ó mi orí, ó gbé ọwọ́jà sókè. Wéré ni dírẹ́bà yí ọkọ̀ padà. Ẹranko tí àwọn apẹran ti ń yìnbọn sí tipẹ́ nítorí eyín rẹ̀ kò lè fọkàn tán ariwo èèyàn. Nígbà tí a débùdó, àwọn kan náà ní kí wọ́n dá owó àwọn padà, àwọn ò rí kìnnìún. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí kìnnìún ni ẹni tó kó wọn wá ṣèlérí fún wọn.

Ẹ má wọ aṣọ dúdú tàbí búlúù. Eṣinṣin tsetse, tó ń fa àìsàn oorun, fẹ́ràn àwọ̀ méjèèjì débi pé aṣọ búlúù àti dúdú ni wọ́n fi ń ṣe pàkúté rẹ̀, ó sì ń jẹni gba orí aṣọ.

Ní ibùdó, ẹ ṣọ́ ẹrù yín. Ìnàkí kan ṣí síìpù báàgì akẹ́kọ̀ọ́ mi, ó fa búrẹ́dì yọ, ó gun orí ọkọ̀, ó sì jókòó jẹ ẹ́ tán lójú wa. Ẹ má sọ bisikíìtì sí wọn. Èyí tí oúnjẹ ọwọ́ èèyàn bá ti mọ́ lára ló ń bu ọmọdé jẹ.

Lẹ́yìn gbogbo eruku yìí, ẹ lọ wẹ̀ nínú ìsun omi Wikki tó wà nínú igbó náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sán-tòru, bí ìwọ̀n 31 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì mọ́ débi pé yanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn kedere.

Olóòtú, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó gba irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìròyìn yín, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ya àwòrán náà. Bí kì í bá ṣe Yankari, ẹ ní kí wọ́n lọ mú àwòrán erin ibẹ̀ wá.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì,
Ìlọrin