Ẹ dá olórin padà sílé ọtí

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Kó tó di 1996, tá a ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, bí bàbá bá ti sùn la máa ń yọ́ lọ sílé ọtí lápá Òkèṣà, l'Ádó-Èkìtì. Ìgò mínírà kan là ń pín mu (ta ló fẹ́ ta ọtí fọ́mọdé?). Onígángan á lù ú títí, náírà á lẹ̀ mọ́ iwájú olórin nítorí òógùn. Bí wọ́n bá ti fa orin Elemure Ògúnyẹmí, lédè Èkìtì wa gan-an, àwọn àgbà á gbé ife kalẹ̀, wọ́n á dìde.

Sípíkà ló kù báyìí, ariwo lásán. Ẹ̀yin onílé ọtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé olórin wá, ì báà ṣe alẹ́ Sátidé nìkan.

Òǹkàwé yín,
Adó-Èkìtì