Iná Ọ̀ṣọ́ Ara Ẹ̀rọ Ìgbafẹ́ Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ẹwà Lásán

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Oníṣẹ́ iná mànàmáná ni mí, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo fi ọdún mẹ́fà nínú rẹ̀ tọ́jú iná ní ọgbà ìgbafẹ́ kan. Àwọn gílóòbù aláràbarà ni iṣẹ́ mi níbẹ̀, ìyẹn àwọn tó wà lára àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn yípo lókè, lára ẹṣin tí àwọn ọmọdé ń gùn, àti lórí òrùlé ibi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ kéékèèké kọ lu ara wọn. Ohun tó sún mi kọ ìwé yìí ni èyí tí mo fojú ara mi rí nígbà ọdún Iléyá tó kọjá, nígbà tí mo kó àwọn ọmọ ọmọ mi lọ ṣeré ní ọgbà mìíràn tí n kò ní dárúkọ.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a débẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí i pé àgbá kẹ̀kẹ́ wọn dà bí ẹnu arúgbó, eyín kan níhìn-ín, àlàfo lọ́hùn-ún. Ìyẹn kò tíì bà mí lẹ́rù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni wáyà kan tí ara rẹ̀ ti bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀kan nínú àwọn àpótí tí èèyàn ń jókòó sí, tí wọ́n fi ọ̀rá tí wọ́n fi ń di omi wé. Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, mo fi hàn án. Ó dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ẹ má da ara yín láàmú, bàbá. Ìyẹn ò kan ẹ̀rọ. Ẹwà lásán ni.”

N kò bínú sí i, nítorí ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà rárá, ìdí sì nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ bá mi gbé e jáde kí àwọn tó ni ọgbà ìgbafẹ́ lè kà á. Bí gílóòbù ọ̀ṣọ́ bá kú, wáyà tó lọ síbẹ̀ kò kú. Iná ṣì wà nínú rẹ̀, ara irin tí èèyàn ń dì mú ni wọ́n sì so ó mọ́.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń fi iná ṣe ẹ̀rọ báyìí lọ́ṣọ̀ọ́. Àgbá kẹ̀kẹ́ tí George Ferris kọ́ fún ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní Chicago lọ́dún 1893 ga tó ẹsẹ̀ bàtà 264, gílóòbù tí wọ́n sì tò sí i lára tó bíi 3,000, ní àsìkò tí iná mànàmáná ṣì jẹ́ ohun àwòyanu fún àwọn tó wá wò ó. Ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi iná sára ohun tó ń yí gbọ́dọ̀ dáhùn: báwo ni iná yóò ṣe débẹ̀ tí wáyà kò ní lọ́ mọ́ra títí tí yóò fi já? Òrùka bàbà ni a máa ń fi sí ìdí ọ̀pá àárín, tí kábọ́ọ̀nù kéékèèké yóò máa fara ra á bí kẹ̀kẹ́ ti ń yí. Kábọ́ọ̀nù yẹn ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ìyẹ̀fun dúdú tó ń jáde lára rẹ̀ sì ń kó jọ sáàárín òrùka kan àti èkejì. Ìyẹ̀fun náà ń gbé iná kọjá. Bí wọn kò bá ṣí ìdérí ibẹ̀ kí wọ́n nù ún dáadáa, gbogbo iná kẹ̀kẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì máa pààrọ̀ gílóòbù tí kò ṣẹ̀ tí kò rò.

Nǹkan kan ya èmi pàápàá lẹ́nu nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Nígbà tí a yọ àwọn gílóòbù àtijọ́ kúrò, tí a fi LED, ìyẹn gílóòbù ìgbàlódé tí kì í jẹ iná púpọ̀, rọ́pò wọn, inú gbogbo wa dùn, nítorí pé gílóòbù àtijọ́ kì í sábà lò ju bíi 1,000 wákàtí lọ, ó sì ń jẹ iná bí ẹni ń jẹ iyọ̀. Ẹ̀rọ amúnáwá wa kò mu epo bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kí òjò ọdún kejì tó dáwọ́ dúró, ìdajì àwọn LED wa kò tàn mọ́. A yọ wọ́n, a sì rí i pé inú ihò tí a ń fi wọ́n sí ti dípẹtà, ó ti yọ àwọ̀ ewé. Ó pẹ́ kí ó tó yé wa. Gílóòbù àtijọ́ máa ń gbóná, ooru rẹ̀ ló sì ń gbẹ omi òjò kúrò nínú ihò náà lálaalẹ́ láìjẹ́ pé a mọ̀. LED kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, omi tó bá wọlé yóò jókòó síbẹ̀ ni. Láti ìgbà náà, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé ni a ti máa ń pààrọ̀ rọ́bà abẹ́ ìdérí gílóòbù kọ̀ọ̀kan, a ó fi gírísì tí kì í gbé iná pa ẹnu bàbà, a ó sì lu ihò tín-ín-rín sí ìsàlẹ̀ ìdérí níbi tí omi lè gbà jáde. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni. Àwọn ọ̀gá wa kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò sanwó wọlé wá wo rọ́bà.

Oòrùn náà ń ṣe tirẹ̀, ó ń mú kí ìdérí oníke gan kí ó sì sán. Ọyẹ́ ń bu eruku sí i. Ìmìtìtì ẹ̀rọ sì ń tú gílóòbù nínú ihò rẹ̀, tó fi jẹ́ pé àìmọye èyí tí a pè ní òkú ló jẹ́ pé ká fọwọ́ yí i le ló kù.

Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, a ní àfikún wàhálà kan. Bí iná ìjọba bá lọ, tí ẹ̀rọ amúnáwá bá bẹ̀rẹ̀, iná tí ó yẹ kó jẹ́ volt 230 lè fò sókè kí ó tó balẹ̀, àkókò yẹn gan-an sì ni àwọn ẹ̀rọ kékeré tó ń bọ́ LED máa ń kú. Ẹni tó bá pa súìṣì iná ọ̀ṣọ́ kí ó tó yí iná padà, tó sì dúró ìṣẹ́jú méjì kí ó tó tàn án, yóò dín ìnáwó rẹ̀ kù púpọ̀.

Ní London, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá tí wọ́n ń pè ní London Eye ga tó mítà 135. Kí wọ́n tó fi LED sí i lọ́dún 2006, ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń pààrọ̀ ìbòrí aláwọ̀ lára iná rẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ó yí àwọ̀ padà. Nítorí àwọ̀ nìkan ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ìyẹn. Èmi kò béèrè tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ẹnì kan mú ìwé àti bírò yí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ká nírọ̀lẹ́, kí wọ́n tó ṣí ẹnu ọ̀nà, kí ó sì kọ gbogbo ibi tí kò tàn sílẹ̀. Kí ó má ṣe gun òkè láìjẹ́ pé ó ti pa súìṣì àgbà, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nínú àpò òun fúnra rẹ̀. Kí wọ́n fi súìṣì tó ń já fúnra rẹ̀ sí ojú ọ̀nà iná ọ̀ṣọ́, irú èyí tó ń gé iná bí 30 milliamp bá ti ń jò lọ sílẹ̀. Kí wọ́n sì ṣọ́ra fún iná tó ń ṣẹ́jú kíákíá, ìbáà jẹ́ ìbàjẹ́ ló fà á tàbí pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó bá orin mu, nítorí iná tó bá ń ṣẹ́jú láti ìgbà 3 dé ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lè mú kí wárápá gbé àwọn kan. Ọgbà tí kò bá sì lówó rẹ̀, kí ó tú gbogbo iná náà sọ̀kalẹ̀ tòun ti wáyà rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọdé kò ní fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ tó dúdú. Àwọn ọmọ ọmọ mi ló kọ́kọ́ máa ráhùn.

Bí ẹ bá lè rán akọ̀ròyìn yín kan, kí ó má ṣe lọ lọ́sàn-án. Ní agogo méje alẹ́ ni kí ó lọ, kí ó dúró lẹ́yìn ògiri, kí ó ka àwọn gílóòbù tí kò tàn. Lẹ́yìn náà kí ó wọlé, kí ó sì béèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣí ìdérí òrùka bàbà gbẹ̀yìn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣẹ́ iná kan, Ìbàdàn